Jíìpù Méjì, Ọjọ́ Orí Méjì

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ wà lórí ẹṣin, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ń dà wọ́n bọ̀ láti ilẹ̀ Haúsá àti ilẹ̀ Tápà kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà gbọ́ lórí ọjọ́ orí ẹṣin. Ẹnu ẹṣin ni yóò là, eyín rẹ̀ ni yóò wò. Lẹ́yìn eyín, yóò wo pátákò, yóò fetí sí mímí rẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n mú un sáré díẹ̀. Lónìí, ẹṣin ti di ohun ọjọ́ ọdún ní Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ ni ó gba ipò rẹ̀. Ọ̀nà tí a là láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní 1906 ni a kà sí ọ̀nà ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà, nítorí náà ojú ará Ọ̀yọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń ra ọkọ̀ lóde òní kò ní sùúrù ẹni tí ń ra ẹṣin lánàá. Dídán ara ọkọ̀ ni wọ́n ń wò, ọdún tí olùtajà bá sì pè é ni wọ́n ń san owó lé lórí.

Kí a mú oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ń ra kájú káàkiri àwọn oko Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, tí ó fi jẹ́ pé ìdílé náà kò yé rìn láàárín ìlú méjèèjì. Ọdún mẹ́fà ni ó fi dá àjọ, jíìpù ọlọ́lá ni ó sì wù ú láti fi owó náà rà. A fi méjì hàn án. Èkíní wà ní Ọ̀yọ́, ní ilé òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán: Lexus RX 330 ni, ti ọdún 2005, ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo ni ó sì wà láti ìgbà tí ó ti dé Nàìjíríà. Èkejì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ibi tí wọ́n ń ta ọkọ̀ ní ọ̀nà Ìlọrin: Lexus RX 350 ni, ti ọdún 2010, tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn ní ilẹ̀ yìí. Owó tí wọ́n pe ti Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Ọ̀yọ́. Owó àjọ náà ká a, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kò ní ṣẹ́kù.

Èyí tí ó yá ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí ó ra èyí tí ó kéré ní ọjọ́ orí. Ìmọ̀ràn náà lè tọ̀nà, ó sì lè sọ ọkùnrin náà di onígbèsè.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ohun tí jíìpù wọ̀nyí jẹ́. Orúkọ ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni jíìpù. Lẹ́nu àwọn Yorùbá, ó ti di orúkọ gbogbo ọkọ̀ tí ó ga nílẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tóbi. Ilé-iṣẹ́ Toyota ti Jàpáánì ni ó dá orúkọ Lexus sílẹ̀ ní 1989 fún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tí ó gbówó lórí. RX àkọ́kọ́ jáde ní ìparí 1997, Harrier ni wọ́n sì ń pè é ní Jàpáánì. A kò kọ́ ọ sórí irin gbọọrọ gbọọrọ bí ọkọ̀ akẹ́rù tàbí Land Cruiser. Ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Camry ni a gbé e kà. Èyí ni ó mú kí ó máa rìn jẹ́jẹ́ bí ayọ́kẹ́lẹ́, èyí náà ni kò sì jẹ́ kí ó jẹ́ ọkọ̀ oko. Ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wọ agbádá ni. Bí oníkájú bá rò pé nítorí pé ó ga, kò sí ihò tàbí gegele oko tí kò lè wọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ni yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àǹfààní tí ó wà nínú ìbátan yìí ni pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹ́ńjìnì RX 330 wà nínú àwọn Highlander àti Sienna kan. Ti RX 350 wà nínú wọn pẹ̀lú, àti nínú àwọn Camry kan. Ohun tí ó bá bàjẹ́ lára èyíkéyìí nínú wọn, a lè rí i rà ní ọjà Aràròmí ní Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ ní Èkó.

Ní ti ọjọ́ orí, eyín ọkọ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Láti 1981 ni àwọn ọkọ̀ tí a ń tà ní Amẹ́ríkà ti ń ní nọ́ńbà onílẹ́tà àti oníye 17, a sì máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú ní ọwọ́ awakọ̀ àti sí òpó ilẹ̀kùn rẹ̀. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ilẹ̀ tí a ti ṣe é: J ni Jàpáánì, 2 ni Kánádà. Ẹni tí ó bá rí 2 lára RX 330 kò gbọdọ̀ bẹ̀rù pé ayédèrú ni, nítorí pé ní 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Ontario, òun sì ni Lexus àkọ́kọ́ tí a ṣe lẹ́yìn odi Jàpáánì. Àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún. Bí ó bá jẹ́ 5, ti 2005 ni; bí ó bá jẹ́ 9, ti 2009 ni; láti 2010 ni ó ti padà sórí lẹ́tà, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013. A kì í lo I, O àti Q rárá, kí ènìyàn má bàa ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0. Ọmọ ilé-ìwé lè ka èyí kí olùtajà tó parí ìkíni rẹ̀.

Ìdí tí ó fi yẹ kí a kà á ni pé ojú ọkọ̀ ti di ohun tí a ń pààrọ̀. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ náà fún RX 350 ní ojú tuntun, tí iwájú rẹ̀ fún ní àárín tí ó sì fẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Nàìjíríà fi kọ́ bí a ti ń yọ ojú ti 2010 kúrò tí a sì ń fi ti àwọn ọdún ẹ̀yìn rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú iná àti bọ́ńpà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé ọjà tí a sì pè é ní ti 2013, olè ni. Ojú lè jẹ́ ti àbúrò, kí eyín jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n.

Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ẹ́ńjìnì àwọn méjèèjì ju ọdún márùn-ún lọ. Ti RX 330 jẹ́ lítà 3.3, ilé-iṣẹ́ náà sì kọ́kọ́ kéde pé agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 230; gíà márùn-ún ni ó ní. Ti RX 350 jẹ́ lítà 3.5, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 275. Gíà mẹ́fà ni ó ní. Ohun tí ó wuni ni agbára jẹ́, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni owó ń gbà lọ. Nínú ẹ́ńjìnì, apá ìsàlẹ̀ tí ń yí gbọ́dọ̀ máa bá apá òkè, tí ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ àti èéfín, rìn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí onílù àti oníjó. Bí ọ̀kan bá ṣìṣe, ijó bàjẹ́. Nínú RX 330, bẹ́líìtì onírọ́bà ni ó so wọ́n pọ̀. Nínú RX 350, ṣéènì onírin ni. Róbà a máa gbó, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì yìí bí ọkọ̀ bá ti rin máìlì 90,000, èyí tí ó tó kìlómítà 145,000. Bí ó bá já, ẹ́ńjìnì yóò kú lójú ẹsẹ̀, sítíárìn yóò le lọ́wọ́, bíréèkì yóò sì máa le lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ọgbà ilé, wàhálà kékeré ni èyí jẹ́. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí àjàgbé tí ó ru sìmẹ́ǹtì bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni.

Nítorí náà, ìbéèrè kìíní tí oníkájú yóò bi òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì náà ni pé, "Bàbá, ìgbà wo ni ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì?" Bí Bàbá bá wọlé tí ó sì mú ìwé owó iṣẹ́ náà jáde, tí ọjọ́ àti iye máìlì wà nínú rẹ̀, ìwé náà níye lórí ju kíkùn tuntun lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dáhùn pé, "Ọmọ mi, kò tíì yọ wá lẹ́nu rí," kí oníkájú mọ̀ pé a kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kí ó sì yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú ohun tí yóò san.

Ṣéènì RX 350 náà ní ohun tí ó ń béèrè. A máa pẹ́ bí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Bí ọ́ìlì bá ti dúdú tí ó sì ki bí ọ̀dà, òun náà yóò jẹ́ni níyà. Àwọn kan nínú irú ẹ́ńjìnì yìí a sì máa pariwo gbìrìgbìrì fún ìṣẹ́jú àáyá kan bí a bá ṣí wọn nígbà tí wọ́n tutù, àmì pé apá kan lókè ti ń jẹ. Ní ti gíà rẹ̀, kò ní ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, oríṣi ọ́ìlì kan pàtó ni ó sì ń mu. Mẹkáníìkì tí ó bá bu ọ́ìlì gíà láti inú àgbá èyíkéyìí sí i ti ba ohun tí owó ńlá ni yóò tún un ṣe jẹ́. Mẹkáníìkì tí ó gbọ́ èdè RX 330 pọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń tuntun sí i ni àwọn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ ń dín kù.

Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ́ńjìnì tí ó tóbi jù ni yóò mu epo jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ní ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe, RX 350 ti 2010 ń mu bíi lítà 12 fún kìlómítà 100. Ti RX 330 ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ọ̀mùtí ni àwọn méjèèjì, ti Ọ̀yọ́ kàn fi ife kan ju èkejì lọ ni. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó bíi kìlómítà 50, àlọ àti àbọ̀ di 100. Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, iye tí ìjọba fi lé lítà kan kò tó náírà 200, epo ìrìn náà kò sì tó náírà 2,400. Kí 2024 tó parí, lítà kan ti kọjá náírà 1,000, ìrìn kan náà sì ti di ohun tí ń gba ju náírà 12,000 lọ. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí kí ó tó ra jíìpù, ẹ̀bá ilé ni yóò máa gbé e sí.

Wàyí o, ìtàn ìgbésí ayé ọkọ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ku kí a wá. Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun ni Tòkunbọ̀. A mọ àwọn òbí ọmọ. Ta ni ó mọ àwọn òbí ọkọ̀? Ọkọ̀ tí a ṣe ní 2010 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti lo ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni náà sì ní ìdí tí ó fi tà á. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ tuntun ni ó rà. Ó lè jẹ́ ìjàǹbá. Ó sì lè jẹ́ omi. Ní oṣù Kẹwàá 2012, ìjì Sandy gbé omi òkun wọ New York àti New Jersey. Ní oṣù Kẹjọ 2017, ìjì Harvey bo ìlú Houston mọ́lẹ̀. Àìmọye ọkọ̀ ni omi gbé mì ní ìgbà méjèèjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò a san owó fún ẹni tí ó ni ọkọ̀, wọn a sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí a ti ń ta á ní gbàǹjo. Ìwé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà a máa ní àmì lára, ṣùgbọ́n àmì ìwé kì í bá ọkọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́. A lè fi nọ́ńbà 17 náà béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn bíi Carfax, owó tí a ó san kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀.

Ẹni tí kò bá rí ìwé ìtàn, kí ó fi ojú àti imú wá a. Omi tí ó bá wọ ọkọ̀ a máa fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ ní ibi tí afọkọ̀ kò lè dé.

"Ọ̀gá mi, yàtọ̀ sí omi òjò, omi kankan kò kan ọkọ̀ yìí rí," ni ọmọkùnrin tí ń tà á yóò wí.

Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bá a jiyàn. "Ó dára, àbúrò. Jẹ́ kí n fa bẹ́líìtì ìjókòó yìí wò," ni yóò sọ, yóò sì fà á títí dé òpin. Bí ìlà ẹrẹ̀ bá wà ní ibi tí bẹ́líìtì ká sí, a ti gbọ́ òtítọ́. Yóò ṣí kápẹ́ẹ̀tì, yóò wo ìdí bóòtù tí ó de àga mọ́lẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, yóò sì ti gbogbo gíláàsì mọ́ kí ó lè gbọ́ òórùn inú ọkọ̀. Lọ́fínńdà tí ó pọ̀ jù náà jẹ́ àmì. Ọkọ̀ tí omi ti wọ̀ kì í kú lọ́jọ́ kan. Wáyà rẹ̀ a máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, lónìí gíláàsì kò ní sọ̀kalẹ̀, lọ́la iná kò ní tàn, lọ́túnla ẹ́ńjìnì kò ní dáhùn ní àárín igbó.

Mítà tí ń ka ìrìn ọkọ̀ kò tó ẹni tí a ń gbà gbọ́ lójú pọ̀nà, nítorí pé a lè dá a padà sẹ́yìn. Bí mítà bá ní máìlì 60,000, tí róbà orí bíréèkì sì ti jẹ dé irin, tí awọ sítíárìn sì ti ń dán, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni kí a gbà gbọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ti Ọ̀yọ́ ni ó mọ́. Ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn àti ọyẹ́, gbogbo róbà ara rẹ̀ ni ó ti darúgbó: èyí tí ó gbé ẹ́ńjìnì, èyí tí ó wà lára ẹsẹ̀, èyí tí ń gbé omi lọ sí rédíétọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ lè ti rẹ̀. Àwọn RX 330 kan wà tí ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ gbé, èyí tí ń gbé ọkọ̀ sókè sódò. Ohun afẹ́ ni nígbà tí ó wà ní tuntun, ìyọnu ni nígbà tí ó bá ń jò. Awọ àga rẹ̀ yóò ti sán. Ṣùgbọ́n ní ti èyí, ta ni ó mọ awọ ju ará Ọ̀yọ́ lọ? Àwọn oníṣọ̀nà awọ tí ń ṣe ìrọ̀rí àti àpò ní ìlú náà mọ̀ pé awọ tí a bá ń fi òróró pa kì í yára sán, àti pé èyí tí ó ti sán ṣì ṣe é tún ṣe. Àléébù ti Ọ̀yọ́ hàn sí gbangba, a sì lè dá owó lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Táyà kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nínú ọ̀ràn yìí. Kí a wo ti àwọn méjèèjì. Iye mẹ́rin wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà tí a ṣe láti 2000 wá: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí a bá rí 2312, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 ni a ṣe é, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Irú táyà bẹ́ẹ̀ ni ń bẹ́ lójijì nínú ooru. Apá Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin nínú ọ̀nà alábala méjì tí ó ti Ìbàdàn wá ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n ti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ kékeré àti àjàgbé sì jọ ń du ọ̀nà àtijọ́ tí ó tóóró. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ti sọnù níbẹ̀.

Ìwé ibodè pẹ̀lú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tí ó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé láìsan owó ibodè, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, kí olùtajà sì ti jẹ owó rẹ̀ tán.

Bí ìwé ìtàn RX 350 náà bá mọ́, tí kò sí ẹrẹ̀ nínú rẹ̀, tí owó ibodè rẹ̀ sì pé, kò sí àní-àní pé òun ni ó dára jù nínú àwọn méjèèjì. Yóò sì tún ṣe é tà lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nígbà tí RX 330 yóò ti gbó mọ́ oníkájú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ kì í wọ ilé láìbéèrè nǹkan: ọ́ìlì gbogbo ara rẹ̀, táyà mẹ́rin, bátìrì, ìwé àti nọ́ńbà. Owó àjọ ti tán. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni kájú ń pọ̀, ìgbà náà sì ni oníṣòwò nílò owó lọ́wọ́ jù. Bí owó ọjà bá wọ inú jíìpù, ẹlòmíràn ni yóò ra kájú ọdún náà. Nítorí èyí, ti Ọ̀yọ́ ni ó yẹ ẹ, bí ó bá lè gbà pé ìdajì owó tí ó kù kì í ṣe tirẹ̀ bí kò ṣe ti ọkọ̀ náà, tí ó sì pààrọ̀ bẹ́líìtì, róbà àti táyà kí ó tó kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀. Bí ó bá fi owó náà ṣe aṣọ ẹbí, ì bá sàn kí ó ra ti Ògbómọ̀ṣọ́.

Èyí tí ó wù kí ó fẹ́, kí òun àti mẹkáníìkì tirẹ̀, kì í ṣe ti olùtajà, dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù láìránṣẹ́ ṣáájú. Lẹ́yìn ìkíni, kí ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá tutù, kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnì kí wọ́n sì fetí sí i. Bí ó bá gbóná, ẹnìkan ti ṣí i ṣáájú wọn; kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtajà, kí ó sì sọ pé òun yóò tún padà wá lọ́la.